Ta Ni Òfin Ń Dáàbò Bò: Ẹ̀sìn Ni Àbí Ẹlẹ́sìn?

Bí àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan bá jáde tó fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń tẹ̀lé e. Ẹnìkan á ní, "Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Ẹlòmíràn á ní, "Òmìnira wo ló ní kí wọ́n wọ́ ohun mímọ́ mi nílẹ̀?" Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì ní sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnìkejì, nítorí pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ọ̀kan ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá wá mú ẹni tó ya àwòrán yìí? Èkejì ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé ohun tí ẹni yẹn ṣe dára? Ènìyàn lè dáhùn "rárá" sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe máa ń dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹlẹ́sìn ni mí, yẹ̀yẹ́ yìí sì máa ń dùn mí. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ pẹ̀lú sùúrù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí mo ń wí kì í ṣe àwàdà tí a fi ń pa ẹ̀rín lásán. Ẹ̀fẹ̀ tó ń ta ni lára ni, èyí tó máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá kí àlébù tó sá pamọ́ lè bọ́ síta gbangba. Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, òmọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì mú un bó ṣe wà lójú ìwé, kò tíì gbọ́ ọ.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ kí èyí yé ni. Ní ọdún 1983, ìwé ìròyìn Hustler tẹ ìpolówó ayédèrú kan tó fi Jerry Falwell, pásítọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an nígbà náà, ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ burú: wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá sùn, nínú ṣálángá, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti mutí yó. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí òtítọ́. Pásítọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa gbà pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ní kí ìwé ìròyìn náà san owó fún ọgbẹ́ ọkàn tó dá sí i lára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1988, àwọn adájọ́ mẹ́jọ tó jókòó lé e lórí panu pọ̀, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àlàyé wọn kò ṣòro: iṣẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni kó máa dun ẹni tó bá bá wí. Bó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ ọkàn tó láti fi dá owó ìtanràn, kò sí àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n yà nípa olóṣèlú tàbí aṣáájú kankan tó lè dúró.

Àwọn bàbá wa mọ èyí kí adájọ́ Amẹ́ríkà tó sọ ọ́. Ọba kì í pọ̀kọrin, ni wọ́n wí. Wọn kò wí bẹ́ẹ̀ torí pé orin náà dùn mọ́ ọba nínú. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí wọ́n bá ti ń pa ọ̀kọrin, kò ní sí ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọba mọ́.

Ṣùgbọ́n Falwell, ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni. Ẹ̀sìn ńkọ́? Ọlọ́run ńkọ́, àti àwọn ànábì?

Ohun tí ìwé ẹ̀tọ́ wí

Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ní ẹ̀ka méjì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀ka 18 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn, ẹ̀ka 19 fún wa ní òmìnira láti ní èrò ká sì sọ ọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn gbà pé ìtumọ̀ ẹ̀ka 18 ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú ẹ̀sìn mi. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo lè gba ohun tó wù mí gbọ́, kí n sìn, kí n kọ́ ẹlòmíràn, kí n pàdé pẹ̀lú àwọn tá a jọ ń sìn, kódà kí n yí ẹ̀sìn padà. Èmi ni mo ni ẹ̀tọ́ náà. Ẹ̀sìn kò ní ẹ̀tọ́. Ẹlẹ́sìn ló ní in. Bí wọ́n bá ti ilé ìsìn mi pa, tàbí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ nítorí bí mo ṣe ń gbàdúrà, wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ mi lójú mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ya àwòrán tí mo kórìíra, inú mi lè bàjẹ́ títí, àmọ́ àdúrà mi ṣì wà lẹ́nu mi.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú dáàbò bo ẹ̀sìn fúnra rẹ̀? Mo rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń kánjú kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó jẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, ọ̀rọ̀ òdì ni létí ẹlòmíràn. Kristẹni ní Jésù ni Ọmọ Ọlọ́run. Mùsùlùmí ní Ọlọ́run kò bímọ, ẹnikẹ́ni kò sì bí I. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá ní àwọn méjèèjì ń tan ara wọn jẹ. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn tí kò ní jẹ́ ẹ̀gàn sí àwọn yòókù. Bí òfin bá ní gbogbo ohun tó tàbùkù sí ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ìwàásù ni yóò kọ́kọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ rántí pé nínú Ìhìn Rere Mátíù, ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì ni olórí àlùfáà fi kan Jésù, tó fi fa aṣọ ara rẹ̀ ya. Ní Áténì, ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n fún Socrates ní májèlé mu. Ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò bọ àwọn òrìṣà ìlú.

Bí òfin bá sì ní òun máa dáàbò bo ẹ̀sìn, ìbéèrè tó kàn ni pé: ẹ̀sìn ta ni? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó kọni lóminú. Lẹ́yìn tí Salman Rushdie kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1988 tó bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nínú, àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀ pé kí òfin ọ̀rọ̀ òdì mú un. Ilé ẹjọ́ dá wọn padà ní 1990: òfin náà, ẹ̀sìn Kristẹni nìkan ló ń ṣọ́. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa rí lára Mùsùlùmí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń san owó orí bíi ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì péré ló wà láti tún un ṣe, kí wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀sìn, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ ní 2008. Nínú gbogbo ìyẹn, ẹ̀mí Rushdie fúnra rẹ̀ kò balẹ̀. Ayatollah Khomeini, aṣáájú Iran nígbà náà, ti kéde ikú lé e lórí ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1989, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 sì ni ọkùnrin kan gún un lọ́bẹ lórí pèpéle ní Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ kan sì fọ́.

Ibi tí ilà wà

Ṣé ohun gbogbo lẹ́nu lè sọ nìyẹn? Rárá o. Àdéhùn Káríayé lórí Ẹ̀tọ́ Aráàlú àti Ẹ̀tọ́ Ìṣèlú, ti ọdún 1966, pa á láṣẹ ní ẹ̀ka 20 pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan fòfin de títan ìkórìíra ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn nígbà tó bá ń ti àwọn ènìyàn láti fìyà jẹ ẹlòmíràn, láti bá wọn ṣọ̀tá, tàbí láti kọlù wọ́n. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣọ́: ènìyàn ni. Ní 2011, ìgbìmọ̀ tó ń tú àdéhùn yìí sọ ọ́ kedere pé òfin ọ̀rọ̀ òdì kò bá àdéhùn náà mu, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ìwọ̀n ẹ̀ka 20 yẹn.

Ẹ̀rí pé àwòrán lè ré ilà yìí kọjá wà. Láti 1923 ni Julius Streicher ti ń tẹ ìwé ìròyìn kan ní Jámánì tó ń ya àwọn Júù bí kòkòrò àti bí aṣebi tó yẹ kí wọ́n gbá kúrò láyé. Ó lè sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní ìlú Nuremberg kò gbà fún un. Ní 1946 wọ́n dá a lẹ́bi ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, wọ́n sì so ó kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ pé òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ pa ẹnikẹ́ni. Àwọn àwòrán rẹ̀ kì í ṣe àríyànjiyàn lásán nípa ẹ̀sìn àwọn Júù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Júù kì í ṣe ènìyàn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀? Ètò kan tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní Rabat, ní Morocco, ní 2012, ní kí adájọ́ wo nǹkan mẹ́fà: bí ìlú ṣe rí lásìkò náà, ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó ní lọ́kàn, ohun tó sọ àti bó ṣe sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn tó, àti bí ewu ṣe súnmọ́ tó. Ẹ fi gbólóhùn kan dán an wò: "Àwọn yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn lálẹ́ òní." Bí aláwàdà bá sọ ọ́ lórí ìtàgé, tó ń sín òpònú aṣáájú kan jẹ, tí gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín aṣáájú náà, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí aṣáájú náà fúnra rẹ̀ bá mú gbohùngbohùn, tó dúró síwájú ilé ìsìn àwọn kan, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mú igi dání, gbólóhùn kan náà ti di ìbọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ṣe láti to àwọn ọ̀rọ̀ èèwọ̀ sínú ìwé ká sì máa fi mú ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde àti ẹni tó sọ ọ́ wúwo bí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn adájọ́ fúnra wọn ń ṣe ségesège

N kò ní tan ẹnikẹ́ni pé ilà yìí ti fìdí múlẹ̀ níbi gbogbo. Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ti sọ ní 1976, nínú ẹjọ́ Handyside, pé òmìnira ọ̀rọ̀ kò pin sí ọ̀rọ̀ tó dùn gbọ́. Ó dé orí èyí tó ń dun ènìyàn, tó ń já a láyà, tó sì ń da ìlú láàmú. Síbẹ̀ ní 1994 ilé ẹjọ́ kan náà gbè sẹ́yìn ìjọba Austria tó gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù kan ní ìlú Innsbruck nítorí pé ó fi Ọlọ́run, Jésù àti Màríà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2018, ó tún gbà pé Austria kò ṣẹ̀ nígbà tó bu owó ìtanràn 480 yúrò lé obìnrin kan lórí nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tó sọ nípa Ànábì Muhammad níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 yẹn náà ló dá ilé iṣẹ́ kan láre ní Lithuania, tí wọ́n ti bu owó ìtanràn lé nítorí pé ó fi àwòrán Jésù àti Màríà polówó aṣọ. Ní 2022 sì rèé, ó gbè sẹ́yìn olórin kan ní Poland tó sọ pé àwọn tó kọ Bíbélì ti mu wáìnì, wọ́n sì ti fa ewé kan.

Èmi kò rí okùn tó so àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí pọ̀ dáadáa. Ohun tí ilé ẹjọ́ náà máa ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tó lè da àlàáfíà tirẹ̀ rú. Ewu tó wà nínú ìyẹn ni pé ẹni tó bá halẹ̀ jù ló máa rí ààbò jù. Bí àwọn ẹlẹ́sìn kan bá ń fi sùúrù fara da yẹ̀yẹ́, òfin á fi wọ́n sílẹ̀. Bí àwọn mìíràn bá ń dáná sun ilé, òfin á sáré wá bò wọ́n.

Denmark jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣòro láti dájọ́ lé lórí. Wọ́n pa òfin ọ̀rọ̀ òdì wọn rẹ́ ní 2017. Nígbà tí àwọn kan wá ń sun Kùránì ní gbangba, tí ìbínú ń dé láti òkè òkun, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìbò 94 sí 77, pé a kò gbọ́dọ̀ sun ìwé mímọ́ tàbí fà á ya ní gbangba. Ẹni tó fara mọ́ ọn á ní ìwà ni wọ́n dè, wọn kò de èrò. Ènìyàn ṣì lè kọ ìwé ẹgbẹ̀rún ojú láti ta ko Kùránì. Mo gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí síbẹ̀ pé ìhàlẹ̀ ló bí òfin yẹn, kì í ṣe ìyọ́nú.

Ní ti àwọn tí òfin ọ̀rọ̀ òdì ń mú, ẹ wo irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ní Pakistan, níbi tí ikú ti wà fún ẹni tó bá tàbùkù sí Ànábì, Asia Bibi, obìnrin Kristẹni kan tó ń ṣiṣẹ́ oko, bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí omi mímu ní 2009. Ìjà omi di ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 2010, kò sì jáde àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Gómìnà Salmaan Taseer gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló yìnbọn pa á ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011. Lóṣù méjì lẹ́yìn náà wọ́n pa Shahbaz Bhatti, mínísítà tó ń ṣojú àwọn ẹlẹ́sìn kékeré. Mi ò mọ ọ̀nà tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí gbà fi ọlá kún ọlá Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ Charlie Hebdo

Ní 2006, ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Faransé tún àwọn àwòrán Ànábì tó ti jáde ní Denmark tẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Mọ́ṣáláṣí Ńlá ti Paris àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan gbé e lọ sílé ẹjọ́, èyí tó jẹ́ ọ̀nà tó tọ́ fún ẹni tí inú bí. Ní 2007 ilé ẹjọ́ dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀. Wọ́n ní àwòrán iwájú ìwé, àwọn agbawèrèmẹ́sìn ló bá wí, kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí. Èyí tó fa ọ̀rọ̀ jù ni àwòrán Ànábì tó wé láwàní tí bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbà pé bí a bá mú un lọ́tọ̀, ó lè jẹ́ ìwọ̀sí sí àwọn Mùsùlùmí; pé nítorí ó wà láàárín àríyànjiyàn tó kan gbogbo ìlú ni wọn kò ṣe dá olóòtú lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí kì í rántí apá yẹn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì gbé ìbọn wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà, wọ́n pa ènìyàn 12. Ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni ọlọ́pàá kan, Ahmed Merabet, Mùsùlùmí, tí wọ́n pa ní títì. Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san lórúkọ Ànábì pa ẹni tó ń jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ Ànábì.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí àwọn Mùsùlùmí béèrè lẹ́yìn náà tí mi ò fẹ́ ká fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ṣé ìwọ̀n kan náà ni ẹ fi ń wọn gbogbo wa? Ní 2008, Charlie Hebdo fúnra rẹ̀ lé ayàwòrán Siné lọ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní ó kan àwọn Júù. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn Jyllands-Posten ti Denmark, tó wá tẹ àwòrán Ànábì lẹ́yìn ọdún méjì, kọ àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nípa Jésù nítorí ìbínú tó lè dá sílẹ̀. Òfin Faransé láti 1990 ń fìyà jẹ ẹni tó bá sẹ́ ìpakúpa àwọn Júù. Wọ́n máa ń dáhùn pé ìpakúpa jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, àti pé sísẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti kọlu àwọn tó ṣẹ́kù. Yẹ̀yẹ́ ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa èrò. Ìdáhùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí olóòtú bá ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ẹ̀sìn àwọn tó pọ̀ jù nílùú, tó ń fi ti àwọn tí kò lágbára ṣeré, òfin lè má rí i mú, àmọ́ àwa lè sọ fún un pé ojo ni.

Sísọ bẹ́ẹ̀ fún un kò sì túmọ̀ sí pé a ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó kọ̀ láti ra ìwé ìròyìn, ẹni tó kọ̀wé bu olóòtú, ẹni tó tò jáde ní àlàáfíà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, òmìnira kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Olóòtú tó pinnu pé òun kò ní tẹ àwòrán kan nítorí ojú àánú, òun náà ń lo tirẹ̀. Ìgbà tí ẹnìkan bá fi ẹ̀wọ̀n tàbí ọ̀bẹ sáàárín ni òmìnira dópin.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹlẹ́sìn ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ nípa àwọn àwòrán Denmark náà. Méjìlá ni wọ́n, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 ni wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun kò sì gbọ́ nípa wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ààfáà kan láti Denmark di ìwé jọ, tí wọ́n gbé e lọ sí Íjíbítì àti Lẹ́bánónì láti fi han àwọn aṣáájú. Nínú ẹrù yẹn, àwọn àwòrán kan wà tí ìwé ìròyìn náà kò tẹ̀ rí. Ọ̀kan jẹ́ fọ́tò ọkùnrin kan tó fi imú àti etí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ojú, tí wọ́n sọ pé Ànábì ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2006, wọ́n ti dáná sun ilé aṣojú Denmark ní Damascus àti ní Beirut, ènìyàn sì ti kú ní ìlú bíi mélòó kan. Ọkùnrin inú fọ́tò náà kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìdíje kíké bí ẹlẹ́dẹ̀ ló lọ bá wọn ṣe ní abúlé kan ní Faransé.